Àpótí ìtọ́jú ilé Màmá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́, láti orí pákó dé orí òṣùwọ̀n

Nínú ilé wa ní Ìbàdàn, oògùn ilé kò ní ibùjókòó kan pàtó. Òrí wà nínú ike lábẹ́ ibùsùn, oyin wà lórí fíríìjì, efinrin wà lẹ́yìn ilé, kánáfùrù wà nínú agolo mílíìkì kan tó máa ń sá pamọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń wá a. Ìmọ̀ tó so gbogbo wọn pọ̀ wà lórí Màmá nìkan. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru lóru tí Màmá ò sí nílé, a máa pè wọ́n lórí fóònù pé, "Màmá, ṣíbí mélòó ni?" Wọn á ní, "Ṣáà bù ú níwọ̀n." Ìwọ̀n wo wá ni?

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni àpótí kan tí a ó gbé kọ́ ara ògiri, tí oògùn ilé kọ̀ọ̀kan yóò ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, tí káàdì yóò sì wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàdì náà yóò sọ iye tí a ó lò, ẹni tí a lè fún, ẹni tí a ò gbọ́dọ̀ fún, àti ìgbà tí a ó pa á tì tí a ó gba ilé ìwòsàn lọ. Àìsàn kéékèèké nìkan ni mo ní lọ́kàn: ikọ́, imú dídí, ìgbẹ́ gbuuru, òsúkè, ọwọ́ tí ọ̀bẹ gé, ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fẹ́ràn ìtọ́jú tí àwọn ìyá wa fi lé wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé kò ní òṣùwọ̀n.

Pákó àti ìṣó

Pákó orí bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìn ilé ni mo lò. Máhógánì ni, ikán kò sì tíì débẹ̀. Mo gé e sí gíga 60 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 45, jíjìn 20. Pẹpẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ ga ju àwọn yòókù lọ kí ìgò oyin lè dúró dáadáa. Pláìwúùdù fẹ́lẹ́ ni mo fi ṣe ẹ̀yìn. Mo fi gọ́ọ̀mù igi lẹ gbogbo oríkèé kí n tó kàn án, torí pé ìṣó nìkan máa ń yọ̀ bí ògiri bá ń mumi lásìkò òjò.

Mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Torí aáyán, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo àwọn ihò náà láti inú. N kò kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà rárá, nítorí òórùn ọ̀dà máa ń wọ inú òrí, kì í sì í jáde mọ́.

Ibi tí a ó gbé e kọ́ gba ìjíròrò. Màmá fẹ́ kó wà ní ilé ìdáná, níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o. Ooru ilé ìdáná kò ní jẹ́ kí òrí dì, torí ooru ara ènìyàn lásán tó láti yọ́ ọ. A gbé e kọ́ ojú ọ̀nà tó wà láàárín yàrá Màmá àti pálọ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Ìdí àpótí náà fi mítà kan ààbọ̀ jìnnà sílẹ̀. Òkè ìlẹ̀kùn ni mo fi ìkọ́ sí, kí ọmọ tó gun àga má bàa rí i ṣí.

Èèrà ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gba ojú híńjì wọlé, wọ́n sì lọ tààrà síbi oyin. Mo fi aṣọ tútù nu ọrùn ìgò náà, mo sì gbé e sínú ike onídèérí tó ní rọ́bà yí ẹnu ká. Láti ìgbà náà, wọn ò padà wá mọ́.

Ṣíbí

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Omi iyọ̀ òun ṣúgà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ káàdì rẹ̀, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yìí. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ojú ṣíbí gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kò gbọ́dọ̀ rí gegele. Ṣíbí tíì tí wọ́n ní lọ́kàn nínú ìṣirò yìí sì ni èyí tó ń gba mìlílítà 5.

Ṣé ṣíbí ilé wa ń gba mìlílítà 5? Mo ra síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, mo kó gbogbo ṣíbí kéékèèké tó wà nílé jọ sórí tábìlì, mo sì ń fi síríǹjì náà bu omi sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi fi kan etí. Èyí tó fẹ̀ lẹ́nu tí kò jinlẹ̀ gba bíi 3. Èyí tí Màmá fi ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 7. Méjì péré ló gba 5 gẹ́lẹ́. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni yóò máa fi síríǹjì wọn ṣúgà lóru?"

"Màmá, a ò ní í wọ̀n ọ́n lóru. Ojúmọmọ yìí la ó wọ̀n ọ́n tán."

Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tó gba 5, mo lu ihò sí ìdí rẹ̀, mo sì fi okùn so ó mọ́ inú àpótí kó má bàa padà sí ilé ìdáná. Ní ti omi, ọ̀rá pure water tí wọ́n kọ 50 cl sí lára ni a máa ń rà, nítorí náà ọ̀rá méjì jẹ́ lítà kan. Mo da méjì sínú ìgò ńlá kan, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà síbi tí omi dúró sí. Ẹni tó bá wá lo omi kànga tí a sè tí a sì fi tutù, ojú ìlà náà ló máa bù ú dé.

Ìdí tí mo fi le koko tó bẹ́ẹ̀ lórí ṣíbí ni bí omi yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí inú bá ń ṣiṣẹ́ ṣáá, ìfun kì í lè gba omi lásán dáadáa. Ṣúgà ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ lára ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, yóò fa omi padà sínú ìfun, ìgbẹ́ náà á sì le sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọpọlọ ọmọ ní jàǹbá. Torí náà la fi máa ń tọ́ ọ wò kí á tó fún ọmọ: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ohun tó dà bí oògùn ìyá àgbà yìí gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn. Ní 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ ilẹ̀ India, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá àsálà ní Bangaon. Omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, kí àwọn ìbátan aláìsàn fúnra wọn máa fún un mu. Ikú já wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí bíi 4. Ní 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìlọsíwájú ìṣègùn tó ṣe pàtàkì jù lọ ní ọ̀rúndún náà. Nígbà tí mo kà á fún Màmá, wọ́n béèrè pé ṣé wọ́n rí ṣíbí tó dọ́gba lójú ogun. Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá ṣáájú, kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Lẹ́yìn káàdì náà mo kọ èyí: po tuntun lójoojúmọ́, da àná nù. Bí èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá bá wà ní kẹ́míìsì, òun ni kí a lò, kí a sì ra oògùn zinc mọ́ ọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Oyin

Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí ọmọ 105 tí ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n fún àwọn kan ní oyin, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn ikọ́ dextromethorphan, wọn ò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Àwọn òbí tí ọmọ wọn lá oyin ló ròyìn oorun tó dára jù. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ni mo kọ sórí káàdì: ìdajì ṣíbí tíì fún ọmọ ọdún 2 sí 5, ṣíbí kan fún ọdún 6 sí 11, méjì fún ọdún 12 sókè, lẹ́ẹ̀kan, kó tó sùn.

Ọ̀rọ̀ tó le lórí káàdì yìí ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá. Kòkòrò kan tí ojú kò rí lè wà nínú oyin, kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan, àmọ́ nínú ìfun ọmọ jòjòló, á tú oró jáde, oró náà á sì mú kí gbogbo iṣan ara ọmọ rọ. Sísè oyin kì í pa á. Kò sí ilé Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní kàn, nítorí oyin la fi ń ṣàdúrà fún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i. N kò fẹ́ kí àdúrà náà parẹ́. Mo bá Màmá sọ ọ́, a sì jọ fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, nínú ẹbí wa, ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ ni wọ́n máa fi oyin kàn lẹ́nu, wọ́n á sì fi omi mímọ́ kan ètè ọmọ. Ìyẹn náà wà lórí káàdì, ní ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá fúnra wọn.

Òrí fún imú dídí

Èyí ni àwọn àlejò máa ń yà ẹnu sí: pé a máa ń fi òrí pa ihò imú nígbà ọ̀fìnkìn. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́. Ní 1979, A. Tella kọ ìwádìí nípa rẹ̀ jáde nínú British Journal of Clinical Pharmacology, níbi tó ti gbé òrí ka ẹ̀gbẹ́ oògùn imú tí wọ́n ń tà, òrí kò sì gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ báyìí.

Mo ṣe oríṣi méjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ òrí lásán fún imú. Mo gbé abọ́ lé orí ìkòkò omi gbígbóná, mo jẹ́ kí òrí yọ́ wọ̀ọ̀, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ìdọ̀tí dúdú wẹ́wẹ́ kù sójú aṣọ. Mo dà á sínú ike kéékèèké tí ìka lè wọ̀, kí ó má ṣe pé ike kan ni gbogbo ilé ń ti ọwọ́ bọ̀. Ìka ọmọdé tó kéré jù ni ìwọ̀n: bí ẹ̀wà kan lórí ìka, sí etí ihò imú. Ọmọ jòjòló kò sí nínú èyí. Òróró tàbí òrí yíyọ́ tí a bá kán sí wọn nímú lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Oríṣi kejì, tí ó jẹ́ ti Màmá, ní efinrin nínú, fún àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ewé tútù ní omi, omi sì ni ó ń mú kí òrí hu. Torí náà, mo tẹ́ ewé náà sórí àtẹ nínú òjìji títí ó fi gbẹ débi pé ó ń rún wẹ́rẹwẹ̀rẹ lọ́wọ́, kí n tó kó o sínú òrí tó ń yọ́. Mo jẹ́ kí ó wà lórí omi gbígbóná títí òrí fi ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí òórùn efinrin gba gbogbo ilé. Sísẹ́ rẹ̀ gba sùúrù, nítorí ewé rírún máa ń dí ojú aṣọ. Mo ká aṣọ náà, mo fún un díẹ̀díẹ̀ kó má bàa ya. Mo kọ ọjọ́ sára ike kọ̀ọ̀kan. Òrí tó bá ti ń rùn kan kò gbọ́dọ̀ kan imú mọ́. Ìyẹn dára fún gìgísẹ̀ tó sán.

Òsúkè

Káàdì yìí ló kúrú jù. Fún ọmọ ọwọ́: òwú tín-ín-rín kan tí a fi itọ́ rẹ, tí a lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Gbogbo wa ni wọ́n ṣe é fún. Òsúkè ọmọ máa ń lọ fúnra rẹ̀, òwú náà kò sì pa á lára, ó tún máa ń jẹ́ kí ìyá ọmọ fara balẹ̀, èmi sì ka ìyẹn sí ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ omi ẹnu ìyá nìkan, tí ìyá náà kò ní àrùn, mo gbà. Ó sàn kí á fi omi mímọ́ rẹ ẹ́.

Fún àgbàlagbà: ṣíbí tíì ṣúgà kan, gbígbẹ, kó gbé e mì láìfi omi sí i. Ní 1971, àwọn dókítà kan kọ lẹ́tà sí New England Journal of Medicine pé àwọn gbìyànjú èyí fún ènìyàn 20, ó sì ṣiṣẹ́ fún 19. Ṣúgà tó wà nínú àpótí fún ìgbẹ́ gbuuru náà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ lo èyí.

Ewé Akíntọ́lá

Ewé yìí kò sí nínú àpótí, nítorí tútù ni a ń lò ó, kò sì sí ọgbà tí kò hù sí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó gba oko wa débi pé orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tó ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ń jẹ́ títí dòní. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá-ta-kú. Bí àdá bá gé àgbẹ̀ lóko, òun ló máa kọ́kọ́ na ọwọ́ sí. Ní Vietnam, wọ́n ń lò ó fún egbò àti iná.

Ohun tí mo fi sínú àpótí fún un ni ọṣẹ, aṣọ funfun tí a ti sè tí a sá gbẹ, àti káàdì. Kọ́kọ́ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ibi tó gé. Fọ ọwọ́ àti ewé náà pẹ̀lú. Rún un, fún omi rẹ̀ síbẹ̀, fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko láìṣí i wò. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ yẹn ń ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Bí ó bá jìn, bí ó bá jẹ́ ìṣó tó dípẹtà ló gún un, tàbí tí erùpẹ̀ wọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ló kù. A ò gbọ́dọ̀ fi ewé yìí, tàbí ewé kankan, sí ojú ìwọ́ ọmọ tuntun.

Káàdì pupa

Káàdì kan wà tí kò ní oògùn, àárín ìlẹ̀kùn gan-an ló wà. Ohun tí a kì í ṣe nínú ilé yìí ló wà lórí rẹ̀.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá kan ara: kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe ògì. Omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20, kó tó di ohunkóhun. Yìnyín kọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ omi, kí a máa fi kèrègbè bu ú dà sí i títí àkókò náà yóò fi pé.

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì: a kì í fún un ní epo pupa. Epo yóò mú kó bì, èébì náà yóò sì gbé kẹrosíìnì wọ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tó ti ń pani. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí Apólò bá mú ojú: a kì í fún wàrà ọmú sí i, a kì í sì í fi ìtọ̀ fọ̀ ọ́. Orúkọ àrùn yìí wá láti 1969, ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú Apollo 11 gbé ènìyàn dé òṣùpá, nígbà tí ojú pípọ́n ràn ká Gánà àti ilẹ̀ wa, tí àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀. Kòkòrò ló ń fà á. Omi tí a sè tí ó ti tutù, aṣọ mímọ́ tí ẹlòmíràn kò lò, ọwọ́ fífọ̀, kí á sì lọ fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún un lójú.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni àgbo tútù tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù àti efinrin pò fún gìrì. Àwọn olùwádìí wa ní Nàìjíríà ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí dúró. Ọmọ tí gìrì mú, tí ìbá jí fúnra rẹ̀, òun náà ni àgbo náà ń gbà lọ. Kí á fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, kí á má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì í báà ṣe ṣíbí, kí á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti rò pé Màmá yóò bá mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dárúkọ ọmọ kan ní àdúgbò tí wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì ní kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Gèègé pupa ni mo lò.

Ohun tó kù

Káàdì ń dọ̀tí ní kíá nítorí òrí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á. Mo ti fi nálọ́ọ̀nù bo gbogbo wọn, mo sì fi ìṣó àtẹ̀ dá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn dúró. Ìkọ́ òkè ìlẹ̀kùn ti ń yọ̀ díẹ̀, ìdè rẹ̀ ni màá pààrọ̀ sí èyí tó gùn.

Kánáfùrù fún eyín dídùn ṣì wà nínú agolo mílíìkì rẹ̀, lórí pẹpẹ òkè, láìní káàdì. Màmá ní ẹyọ kan, kí á há a sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà títí ibẹ̀ yóò fi kú tipiri. Ẹyọ kan mo gbà. Òróró rẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò ló ń kọ mí lóminú, nítorí ó lágbára ju ẹyọ rẹ̀ lọ gan-an, ó sì lè bó inú ẹnu. Dókítà eyín ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ iye kankan. Títí dìgbà náà, ẹyọ kánáfùrù nìkan ló máa wà nínú agolo.